Ìyá Alágbàfọ̀ Lọ Gba Ọpẹ́ Rẹ̀ Padà

Ẹni tó bá wọ yàrá Ìyá Alágbàfọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ló máa kọ́kọ́ rí. Òun náà ló máa rí kẹ́yìn, torí kò sí àyè láti wo nǹkan mìíràn.

Kọ́bọ́ọ̀dù náà gba ògiri kan láti igun dé igun. Ó gun òkè títí ó fi kan àjà. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní, ara rẹ̀ pupa, ó ń dán bí ojú ọmọ tuntun tí wọ́n fi òróró pa. Ó dára lójú, irọ́ ò sí. Ṣùgbọ́n yàrá ọ̀hún kéré. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án mọ́ ògiri, bẹ́ẹ̀dì ti sún lọ abẹ́ fèrèsé, tábìlì tí Ìyá fi ń lọ aṣọ ti di ará ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá á fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Bí Ìyá bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní láti gun orí bẹ́ẹ̀dì, kó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀.

Kí ló wá wà nínú rẹ̀? Aṣọ Ìyá fúnra rẹ̀ ò kún àpótí kan. Ti àwọn oníbàárà ò ṣeé kó síbẹ̀, òórùn gọ́ọ̀mù àti fáníìṣì á mọ́ ọn lára.

"Màmá, afẹ́fẹ́ lẹ ń tọ́jú síbẹ̀," ni Dákẹ́ wí lọ́jọ́ kan. Dákẹ́ ni ọmọ rẹ̀ kejì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́ tèmi," ni Ìyá dá a lóhùn. "Ti ẹni tó kàn án ni."

Aṣọ fífọ̀ ni Ìyá fi tọ́ ọmọ méjì. Bàbá wọn ti kú kí Dákẹ́ tó mọ ojú rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ Ìyá funfun, ó sì hunjọ, bí ẹni tó ń gbé inú omi. Ó mọ àbàwọ́n bí olùkọ́ ṣe ń mọ ọmọ kíláàsì rẹ̀. Èyí epo ni, èyí yíǹkì ni, èyí ẹni tó gbé e mọ́ra ló mọ ohun tó ṣe. Kò sí aṣọ tó jó mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Bí bọ́tìnnì kan bá ré, á ṣa á, á rán an padà, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í fa nǹkan ya. Ohun tí wọ́n bá so, á tú u. Ohun tí wọ́n bá rán, á já fọ́nrán rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní Gíga. Orí rẹ̀ máa ń kan àtẹ́rígbà. Káfíńtà ni. Ọ̀dọ̀ Bámúbámú ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí tó ń ṣiṣẹ́. Bámúbámú kì í ṣe orúkọ tí bàbá ọkùnrin náà sọ ọ́. Àdúgbò ló fún un, nítorí bó bá kan kọ́bọ́ọ̀dù sí yàrá kan, yàrá náà á kún bámúbámú, onílé á máa wá ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ lé.

Ara ògiri ìsọ̀ ni Bámúbámú máa ń fi pákó tì, ńlá ńlá, ọ̀kan lórí èkejì. Gíga sọ fún un pé kí wọ́n fi okùn so ó. Alẹ́ ọjọ́ náà ló sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nílé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ mọ ohun tí ọ̀gá sọ? Wọ́n ní pákó ò lẹ́sẹ̀, ibo ló ń lọ?"

Pákó tí ò lẹ́sẹ̀ rìn. Gíga ló wó lé lórí, ó sì pa á.

Bámúbámú wá sí ìsìnkú. Ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Kò sọ̀rọ̀ okùn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó kó pákó wá, ó kó àwọn oníṣẹ́ wá, ó ní òun fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù fún Ìyá kí ó fi gbàgbé ìbànújẹ́. Kò bèèrè ibi tó máa kàn án sí. Ó kàn wo yàrá, ó rí ògiri tó ṣófo, ó ní ibí yìí dáa.

Ògiri tó ṣófo yẹn, abẹ́ rẹ̀ ni Gíga máa ń tẹ́ ẹní sí.

Ìyá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń kan ìṣó. Nígbà yẹn, bí wọ́n bá ní kó jẹun, á la ẹnu. Bí wọ́n bá ní kó jókòó, á jókòó. Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn ará ilé péjọ láti wò ó. Bámúbámú nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó dúró, ó ń retí. Obìnrin yàrá kejì fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ Ìyá.

"Ìyá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ẹnu Ìyá sì sọ ọ́: "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. A dúpẹ́ o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Ìyá," ni Bámúbámú wí. "Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

Ó gba ọpẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ń gbé e kiri. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Gíga níwájú rẹ̀, á ní: "Mo ti ṣe tèmi. Ìyá ẹ̀ dúpẹ́, gbogbo ilé ló gbọ́." Ìyá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e mì. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, kò lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́.

Èyí tó wá burú jù lọ ni pé Bámúbámú sọ yàrá Ìyá di ibi ìpàtẹ. Oníbàárà tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí, ibẹ̀ ló ń mú un wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ilẹ̀kùn ṣí láìkàn.

"Ìyá, àwa nìyí o! Ẹ má dìde, ẹ má dìde, iṣẹ́ mi la fẹ́ wò."

Obìnrin kan tẹ̀lé e, òṣìṣẹ́ báńkì, bàtà rẹ̀ ń dún kó, kó, kó. Ó kí Ìyá dáadáa, ojú sì ń tì í díẹ̀. Bámúbámú fi ẹ̀gbẹ́ kọjá lára tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Kò sí àlàfo kankan. Eèrà gan-an ò lè kọjá."

Obìnrin báńkì wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ó jẹ ilẹ̀ o. Ibo ni wọ́n ń gbà rìn?"

"Madam! Yàrá kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ wọlé, ẹ sùn, ẹ jí, ẹ jáde. Ṣé ẹ fẹ́ sáré níbẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi mì. "Ẹ bi Ìyá fúnra wọn. Ọjọ́ tí mo kàn án, ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ya fún ọpẹ́. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ìyá?"

Ìyá ń wo ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà wà. Tí Gíga bá dìde jókòó lórí ẹní rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni orí rẹ̀ máa ń wà.

"Ìyá! Aṣọ!" ni obìnrin báńkì kígbe.

Èéfín ti ń yọ. Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Àpá rẹ̀ ti wà ní àárín ṣẹ́ẹ̀tì, ó dúdú, ó mú ṣóńṣó. Láti ọjọ́ tí Ìyá ti ń lọ aṣọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí Dákẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, níbi tó ti ń lu ara mọ́tò, ó bá òórùn náà nílé.

"Ta ló jó o?"

"Èmi ni. Tú nǹkan yìí kúrò ní yàrá mi."

Dákẹ́ ò bèèrè èwo. Ó jáde. Nígbà tó padà, àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé e padà síbi tó o ti mú un," ni Ìyá wí.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n tú u."

"Mo ní kó o tú u. N ò ní kó o là á."

"Kí ló yàtọ̀?"

"Tó o bá là á, igi ìdáná ló dà. Á máa sọ kiri pé òun ṣe wá lóore, a sì bà á jẹ́, pé ìbànújẹ́ ti dà wá lórí rú. Rárá o. Mo fẹ́ kó rí nǹkan ẹ̀ ní pípé, bó ṣe kó o wá."

"Inú ń bí mi."

"Tèmi ò bí? Ta ló bí ẹni tó kú? Gbọ́, omi gbígbóná kì í fọ ẹ̀jẹ̀. Tó o bá da omi gbígbóná sí ẹ̀jẹ̀, ó ti wọ inú aṣọ lọ nìyẹn, kò tún jáde mọ́. Omi tútù ni. Gbé àáké yẹn padà, kó o yá skúrùdíráfà wá."

Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n tú u. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì dúró ní ìnaró kí wọ́n lè rí ibi dúró sí. Inú yàrá ni Bámúbámú ti kàn án pọ̀, odindi rẹ̀ ò lè gba ẹnu ọ̀nà jáde láéláé. Ó ní láti jáde ní pákó kọ̀ọ̀kan. Ìyá ní ohun tí wọ́n kàn kẹ́yìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ tú. Ilẹ̀kùn lọ, pẹpẹ inú tẹ̀lé e, ẹ̀gbẹ́ tẹ̀lé pẹpẹ.

Bámúbámú ti fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun pákó bo orí gbogbo ìṣó mọ́lẹ̀. Ojú ò rí wọn. Ìyá ló ń fi ìka wá wọn, bó ṣe ń wá abẹ́rẹ́ tí oníbàárà gbàgbé sínú aṣọ. Á ní "ibí", Dákẹ́ á fi ẹ̀mú fà á.

"Ọkùnrin yìí sin ìṣó bí ẹni sin owó," ni Dákẹ́ wí. Òógùn ti bò ó.

"Wo iye ìṣó tó rí fún kọ́bọ́ọ̀dù," ni Ìyá wí. "Okùn kan ni ò rí."

Obìnrin yàrá kejì gbọ́ ariwo, ó yọjú.

"Háà, Ìyá! Ẹni tó bá yín kẹ́dùn, nǹkan tó ṣe fún yín lẹ ń tú?"

"Ìwọ lo ní kí n dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo fẹ́ kí ẹ ṣe bí èèyàn ni o."

"Mo ti ṣe bí èèyàn. Ó ti tó. Bá mi di ibẹ̀ yẹn mú."

Obìnrin náà wo pákó, ó wo ojú Ìyá. Ó wé gèlè rẹ̀ le, ó dì í mú.

Pákó tó gùn jù ló kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, wọ́n rí i pé Bámúbámú ò fi nǹkankan sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ògiri ni ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọ̀ ewé tí wọ́n kùn ún láti ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àárín rẹ̀ ni àmì kan wà, roboto, ó dúdú díẹ̀, ó ń dán. Òróró irun Gíga ni. Bó ṣe máa ń jókòó fẹ̀yìn ti ògiri láràárọ̀ tó ń so okùn bàtà, orí rẹ̀ ló ṣe é.

Dákẹ́ jókòó sílẹ̀. Skúrùdíráfà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin yàrá kejì fi gèlè bo ẹnu, ó jáde.

Ìyá mọ bí wọ́n ṣe ń yọ epo lára nǹkan. Kò yọ ọ́. Ó dúró síwájú rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá eruku ilẹ̀ ibẹ̀, ó gbá a mọ́.

"Dìde," ló wí. "Ọmọlanke ń dúró."

Ìsọ̀ Bámúbámú wà ní oríta, èèyàn kì í wọ́n níbẹ̀. Ìyá ò lọ lọ́jọ́ ìsinmi yẹn. Wọ́n kó pákó sórí ọmọlanke, wọ́n fi tapólì bò ó, ó di ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn oníbàárà ti dé. Obìnrin báńkì wà lára wọn, ó wá yan àwọ̀ pákó. Ọlọ́mọlanke àti Dákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹrù. Wọ́n fẹ́ fi pákó àkọ́kọ́ ti ògiri.

"Ẹ má fi ti ògiri!" Ohùn Ìyá lọ sókè. "Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Pákó ò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rìn níbí."

Ayùn tó ń dún nínú ìsọ̀ dákẹ́. Bámúbámú jáde, pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀.

"Ìyá! Kí lèyí? Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé. Ìṣó wà nínú agolo, skúrù wà nínú ike."

"Kí ló wá dé?"

"Mo dá a padà fún yín. Mo wá gba ọpẹ́ mi."

"Ọpẹ́ wo?"

"Ọpẹ́ tí mo dú fún yín. Tèmi ni. Mo fẹ́ mú un lọ sílé."

Bámúbámú wo àwọn oníbàárà, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún gbọ́ tuntun! Ìyá, báwo ni wọ́n ṣe ń dá ọpẹ́ padà? Ṣé inú àpò ni mo kó o sí?"

"Ẹnu lẹ kó o sí. Ẹnu lẹ fi ń gbé e kiri. Ọjọ́ tí mo dúpẹ́, kí lẹ dá mi lóhùn?"

"Mi ò rántí, Ìyá. Ó ti pẹ́."

"Ẹ ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Èmi alágbàfọ̀ yìí, bí mo bá fọ ìbọ̀sẹ̀ lásán fún èèyàn, tó ní ẹ ṣeun, kí ni mò ń sọ?"

Ọlọ́mọlanke ló dáhùn láti ẹ̀yìn, ó rò pé wọ́n ń bi òun: "Kò tọ́pẹ́ ni, Màmá."

"Ẹ gbọ́? Ọlọ́mọlanke mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Ojú Bámúbámú yí padà. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ lójoojúmọ́ ni, kì í tilẹ̀ gbọ́ ara rẹ̀ mọ́ bó bá ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó wo pákó nílẹ̀, ó wo ògiri tí pákó ọjọ́ yẹn ti ṣubú, ọ̀rọ̀ náà sì di òkúta lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká wọlé, ká sọ ọ́ bí àgbà."

"Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti dúpẹ́."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Ẹ má bínú kọ́ ni mo wá gbà."

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé àmúwá Ọlọ́run—"

"Ọlọ́run ló ní kí ẹ má so ó?"

Obìnrin báńkì gbé ojú sókè. "Ọ̀gá, kí ni wọ́n ní ẹ ò so?"

Oníṣẹ́ àgbà kan, tí òun àti Gíga ti jọ ń lo ayùn kan náà, fi òòlù sílẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Pákó ni, madam. Gíga sọ fún wọn kí wọ́n so ó. Etí mi ló ṣe."

Dákẹ́ ti di ọwọ́ méjèèjì ní ẹ̀ṣẹ́. Ìyá fọwọ́ kàn án, kò wò ó.

"Kò tọ́pẹ́," ni Bámúbámú sọ sínú imú.

"N ò gbọ́."

"Kò tọ́pẹ́, Ìyá."

"Kí ni kò tọ́pẹ́?"

Òógùn ń ṣàn lójú ọkùnrin náà. "Kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kàn fún yín nítorí... nítorí Gíga. Nítorí pé mi ò so pákó. Kò tọ́pẹ́."

"Mo ti gbà á," ni Ìyá wí. Ó yí padà, ó ń lọ.

"Ìyá! Ẹ wá dárí jì mí."

"N ò gbé ìyẹn wá," ni Ìyá wí. Kò bojú wẹ̀yìn.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àdúgbò ti pa orúkọ Bámúbámú rẹ́, wọ́n ti sọ ọkùnrin náà ní Kòtọ́pẹ́. Obìnrin báńkì lọ bá káfíńtà mìíràn, ó ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣeé gbé lòun fẹ́. Àwọn awakọ̀ tó bá ń kọjá á dín eré ọkọ̀ wọn kù, wọ́n á ní: "Ọ̀gá, ẹ ṣeun o!" Wọ́n á dúró díẹ̀, bóyá á dáhùn. Kì í dáhùn. Ó ti pẹ́ tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn ọpẹ́. Oníṣẹ́ àgbà yẹn ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní Kòtọ́pẹ́ ti ra okùn, ó ti ń so pákó.

Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Àwọn kan ní ẹ̀san kì í dùn lẹ́nu. Ìyá ní àwọn yẹn ò tíì jẹ ẹ́ ni.

Nílé, wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Tábìlì ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn lè ti ẹnu ọ̀nà rìn dé ojú fèrèsé láìfi ẹ̀gbẹ́ rìn. Dákẹ́, tó ti ń sùn ní ọ̀ọ̀dẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kan kọ́bọ́ọ̀dù, ti ń sùn nínú yàrá. Ìdí bẹ́ẹ̀dì ló ń tẹ́ ẹní sí. Ìyá ò ní kó má sùn lábẹ́ ògiri yẹn. Dákẹ́ fúnra rẹ̀ ni ò sùn síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó Kòtọ́pẹ́ wá. Òun nìkan ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.

"Ẹ wọlé," ni Ìyá wí. "Àyè wà."

Obìnrin náà wọlé. Kò jókòó.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. N ò wá sọ̀rọ̀ ọkọ mi. Ohun tó ṣe ni wọ́n ń ṣe fún un. Àwọn ọmọ ni. Nílé ìwé, ọmọ Kòtọ́pẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n. Àbíkẹ́yìn mi ò fẹ́ lọ mọ́. Bí ẹ bá sọ fún àwọn èèyàn pé ó tó, wọ́n á gbọ́ tiyín."

Ìyá ń lọ ìrọ̀rí. Ó lọ etí rẹ̀ kan, ó lọ èkejì. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró dáadáa kó tó gbé ojú sókè.

"Ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Mẹ́ta, mà."

"Gbogbo wọn jí láàárọ̀ yìí?"

Omi bọ́ lójú obìnrin náà. "Wọ́n jí, Ìyá."

"Ẹ bá mi kí wọn," ni Ìyá wí, ó sì fa ìrọ̀rí mìíràn sórí tábìlì.